Carles Puyol, Agbábọ́ọ̀lù tí Kò Sìn Ju Ẹgbẹ́ Kan Lọ

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ inú ilé wa ni ó mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè ju bí wọ́n ti mọ orúkọ àwọn baba ńlá wọn lọ. Àwọn òbí a sì máa bínú sí èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo náà kò lè ṣe kí ó má wọ etí wa, ó sàn kí òbí pàápàá mọ ìtàn ọ̀kan nínú àwọn tí ọmọ rẹ̀ ń kígbe orúkọ wọn, kí ó lè mọ ẹni tí ó yẹ kí ó yìn fún ọmọ náà. Nítorí náà ni a ṣe mú ìtàn Carles Puyol, ará Spéìn, wá sí iwájú yín.

Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí bá gbá bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí ó ti di géńdé títí ó fi bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, èyí ni ẹgbẹ́ Barcelona. Ìgbà 593 ni ó wọ aṣọ wọn nínú ìdíje gidi, ó sì jẹ́ balógun wọn fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn kan yóò wí pé, "Kí ni ó ṣòro níbẹ̀? Ta ni yóò fi ilé tí oúnjẹ pọ̀ sí sílẹ̀?" Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ẹgbẹ́ ọlọ́rọ̀ ni Barcelona, ife ẹ̀yẹ tí wọ́n sì gbà ní ayé Puyol kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bèèrè bẹ́ẹ̀, ìdí ọ̀pẹ nìkan ni ó ń wò, kò mọ bí ọ̀pẹ ti rí kí ó tó so.

A bí Puyol ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978 ní La Pobla de Segur, ìlú kékeré kan ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Pyrenees, ní ilẹ̀ Catalonia tí ó wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn Spéìn. Àwọn ará Catalonia ní èdè tiwọn, wọn kì í sì í fi í ṣeré. Iṣẹ́ oko àti ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń ṣe ní ilé wọn. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù ní ìlú rẹ̀, aṣọ́lé ni. Jíju ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà gbogbo ba èjìká rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì mú un kúrò nínú ilé lọ sí iwájú. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn pátápátá tí ó sì bọ́ sí iwájú pátápátá, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò tún padà sí ẹ̀yìn níkẹyìn, níbi tí gbogbo ayé ti wá mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1995 ni ó lọ sí Barcelona. Ẹgbẹ́ náà ní ilé kan lẹ́bàá pápá wọn tí à ń pè ní La Masia, ilé olóko àtijọ́ tí a kọ́ ní ọdún 1702, èyí tí wọ́n sọ di ibùgbé àwọn ọmọ tí ń kọ́ bọ́ọ̀lù ní ọdún 1979. Àwọn ọmọdé kékeré ni wọ́n sábà máa ń mú wọ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn; Xavi, tí yóò di ọ̀rẹ́ Puyol, jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Puyol ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọdún púpọ̀ kọ́, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Ọgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó wà lára Xavi kò sí lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti rí àwọn méjèèjì nínú pápá kò ní jiyàn. Ohun tí ó ní ni agbára, àìṣàárẹ̀, àti ọkàn tí kì í gbà pé bọ́ọ̀lù kan ti kọjá òun. Àwọn olùkọ́ fi í sí àárín, wọ́n tún fi í sí ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, kò sì sí ibi tí a fi í sí tí ó kọ̀.

Síbẹ̀ ó kù díẹ̀ kí wọ́n tà á. Ní ọdún 1998 ẹgbẹ́ Málaga, tí ó wà ní gúúsù Spéìn, fẹ́ rà á, àwọn aláṣẹ Barcelona sì gbà fún wọn. Puyol ni kò gbà. Ó ti rí Xavi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí a pè sínú ẹgbẹ́ àgbà, ó sì pinnu pé òun kò ní lọ sí ibì kankan kí òun tó dán an wò. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí èyí dáradára. Kì í ṣe ẹni tí ẹgbẹ́ gbé gẹ̀gẹ̀ ni ó dúró yìí. Àwọn onílé ti ń na ọwọ́ sí ọ̀nà fún un, òun sì rọra jókòó.

Ọ̀gá tí ń kọ́ ẹgbẹ́ àgbà nígbà náà ni Louis van Gaal, ará Holland, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ní ọ̀ṣọ́. Nígbà tí ó kọ́kọ́ rí Puyol pẹ̀lú irun gígùn tí ó wọ́ dé èjìká, ó bi í bóyá kò ní owó tí yóò fi gẹ irun ni. Puyol fúnra rẹ̀ ni ó ti sọ ìtàn yìí. Kò gẹ irun náà títí di òní, ọ̀gá náà pẹ̀lú kò sì jẹ́ kí irun dí òun lójú, nítorí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1999 ó fi í sínú pápá fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n bá Valladolid gbá, tí wọ́n sì borí pẹ̀lú góólù 2 sí òdo.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí a ó ti dá àwọn tí wọ́n bèèrè ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan lóhùn. Barcelona ti gba ife líìgì ní oṣù díẹ̀ kí Puyol tó wọlé. Láti ọjọ́ tí ó ti wọlé, ọdún 1999, títí di ọdún 2005, wọn kò tún gba ife kankan mọ́. Ní ọdún 2001 ipò kẹrin ni wọ́n wà ní líìgì; ní 2002 ipò kẹrin náà ni; ní 2003 wọ́n ṣubú dé ipò kẹfà. Van Gaal lọ, Serra Ferrer dé, ó lọ. Rexach dé, ó lọ. Van Gaal tún padà, ó tún lọ. Antić fẹ̀yìn tẹ àga náà fún oṣù díẹ̀. Ilé tí olórí rẹ̀ ń yí padà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin pàápàá mọ bí ó ti máa ń rí. Àwọn alátìlẹ́yìn a sì máa fi aṣọ funfun jù láti fi ìbínú wọn hàn, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn ní Spéìn.

Èyí tí ó dùn wọ́n jù lọ ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2000. Luis Figo, ará Pọtogí, ni ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà, ọkàn gbogbo ìlú sì wà lára rẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Real Madrid, tí í ṣe ọ̀tá wọn láti ìgbà pípẹ́, ní iye owó tí a kò tíì san rí lórí agbábọ́ọ̀lù kan ní gbogbo ayé títí di ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà wá dàbí ti ẹni tí a ní kí ó fẹ́ ni lójú tí ó fi ata sí ẹnu. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún náà, Figo padà wá sí Barcelona nínú aṣọ funfun ti Madrid. Ariwo tí ó pàdé rẹ̀ kò ṣeé fi ẹnu sọ, bẹ́ẹ̀ ni oríṣiríṣi nǹkan ń bọ́ sínú pápá. Puyol, ọmọ ọdún méjìlélógún, ni wọ́n ní kí ó máa tẹ̀lé e. Kò bú u, kò sì tutọ́ sí i lára. Ó kàn ń bá a lọ sí gbogbo ibi tí ó bá lọ, títí ọwọ́ Figo fi kúrò nínú eré náà. Barcelona borí pẹ̀lú góólù 2 sí òdo. Lójú tiwa, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń dúró, ọjọ́ náà ni kí ó wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní tìtorí rẹ̀ pe Figo ní ènìyàn búburú, nítorí òwò ni bọ́ọ̀lù lónìí, ọjà tirẹ̀ ni ó sì ná.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2002 tí àwọn ará Barcelona kò lè gbàgbé, ó sì kan ọmọ orílẹ̀-èdè wa kan. Wọ́n ń bá Lokomotiv, ẹgbẹ́ ìlú Moscow, gbá. James Obiorah, ọmọ Nàìjíríà, wà nínú ẹgbẹ́ Lokomotiv. Ó dé iwájú ilé, aṣọ́lé Barcelona ti jáde kúrò ní àyè rẹ̀, ilé ṣófo sílẹ̀ gbayawu. Obiorah gbá bọ́ọ̀lù náà. Puyol ti sáré dé ìdí ilé, kò sì sí àyè láti na ẹsẹ̀. Ó na àyà rẹ̀ síwájú, bọ́ọ̀lù náà sì bà á gan-an níbi tí àmì ẹgbẹ́ wà lára aṣọ rẹ̀, ó ta padà. Àwọn ènìyàn wí pé àmì ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó gba ilé là. Àwọn tí ó máa ń fẹ́ràn Nàìjíríà níbi gbogbo yóò ti fẹ́ kí tiwa wọlé, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ yin ẹni tí ó tọ́ sí.

Ní ọdún 2003 Frank Rijkaard dé gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní ọdún 2004, nígbà tí Luis Enrique tí í ṣe balógun fi eré sílẹ̀, Puyol gba ọ̀já apá tí a fi ń mọ balógun. Ó di ọdún 2005 kí wọ́n tó gba líìgì. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e wọ́n tún gba líìgì, ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 2006 wọ́n sì bá Arsenal ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù pàdé ní Paris fún ife Champions League. Arsenal ni ó kọ́kọ́ gbá wọlé. Samuel Eto'o dá a padà, Belletti sì fi ìkejì lé e. Eto'o yìí kan náà wà nínú ẹgbẹ́ Kamẹrúùnù tí ó gba wúrà lọ́wọ́ Puyol àti àwọn ọmọ Spéìn ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Sydney ní ọdún 2000, nígbà tí wọ́n fi pẹnarítì yanjú ọ̀ràn. Ẹni tí ó mú kí ó sunkún lánàá ni ó bá a gbé ife lónìí.

Ayọ̀ náà kò pé ọdún kan tí ìbànújẹ́ fi dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2006 baba rẹ̀ kú nínú jàǹbá nígbà tí ó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ní oko. Ó padà sí ilé, ó sin baba rẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sí ẹnu iṣẹ́.

A ó yára kọjá lórí àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, nítorí pé ife ẹ̀yẹ ni ó kún inú wọn, ẹnikẹ́ni sì lè ka ife. Líìgì mẹ́fà ni ó gbà lápapọ̀, àti ife Champions League mẹ́ta, ní 2006, 2009 àti 2011. Ṣùgbọ́n a kò lè fo ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 2009, nígbà tí Barcelona lọ bá Real Madrid ní ilé wọn, tí wọ́n sì na wọ́n ní góólù 6 sí 2. Puyol fi orí kan èkejì nínú àwọn góólù wọn wọlé láti inú bọ́ọ̀lù tí Xavi gbá sókè. Ó bọ́ ọ̀já apá rẹ̀ tí ó ní àwọ̀ àsíá Catalonia, ó sì fi ẹnu kò ó ní ojú gbogbo ará Madrid. Ẹni tí kò bá mọ ìjà tí ó ti wà láàrín ìlú méjèèjì láti ayé àwọn baba wọn lè rò pé ohun kékeré ni.

Síbẹ̀ ọkùnrin tí ó fi ẹnu ko àwọ̀ Catalonia yìí, kò kọ̀ láti sin Spéìn. Ìgbà 100 ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè náà. Ó wà nínú wọn ní ọdún 2008 nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Jámánì ní Vienna tí wọ́n sì gba ife Yúróòpù, èyí tí ọwọ́ wọn kò tẹ̀ láti ọdún 1964. Ọdún 2010 ni gbogbo Áfíríkà rí i, nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wá sí ilẹ̀ wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, ní Durban ní Gúúsù Áfíríkà, Spéìn tún bá Jámánì pàdé kí a tó dé àṣekágbá. Ìṣẹ́jú 70 kọjá, kò sí ẹni tí ó gbá wọlé. Ní ìṣẹ́jú 73, Xavi gbá kọ́nà. Puyol, tí kò ga ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ará Jámánì náà lọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí sáré láti ẹ̀yìn jíjìn. Ó fò, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù náà bí ẹni tí ń fi òòlù kan ìṣó, ó sì wọlé. Góólù kan náà ni ó parí ọ̀ràn. Ní ọjọ́ 11 wọ́n borí Holland ní Johannesburg, Spéìn sì gba ife àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Góólù mẹ́ta péré ni Puyol gbá fún Spéìn nínú ìgbà 100 náà, ọ̀kan nínú wọn sì ni èyí.

Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá pé ọjọ́ wo ni ó tóbi jù nínú ìgbésí ayé rẹ̀, a kò ní pe Durban. Lọ́ńdọ̀nù ni a ó pè. Ní oṣù kẹta ọdún 2011 àwọn dókítà rí kókó burúkú kan nínú ẹ̀dọ̀ Eric Abidal, ará Faransé tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Àwọn tí wọ́n gbọ́ bẹ̀rù pé ó ti parí fún un. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Abidal ti padà sínú pápá ní Wembley, ó sì gbá gbogbo àṣekágbá náà tí wọ́n fi borí Manchester United pẹ̀lú góólù 3 sí 1. Orúnkún ti ń yọ Puyol lẹ́nu, nígbà tí eré fẹ́ parí ni wọ́n tó fi í wọlé. Ẹ̀tọ́ balógun ni láti gba ife kí ó sì gbé e sókè lójú ayé. Ọjọ́ àti àwòrán tí yóò wà títí láé ni. Puyol mú ọ̀já apá náà, ó dè é mọ́ apá Abidal, ó sì ní kí ó lọ gba ife. Abidal gbé e sókè. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ èyí fún un, kò sì sí ìwé òfin ibi tí a kọ ọ́ sí.

Ó tún ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2013, nígbà tí wọ́n fún wọn ní ife líìgì. Tito Vilanova, tí ń kọ́ ẹgbẹ́ náà nígbà náà, ń bá àìsàn jẹjẹrẹ jà. Puyol mú ife náà tọ òun àti Abidal lọ, ó sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbé e sókè. Vilanova kú ní oṣù kẹrin ọdún 2014.

Ẹ máṣe rò pé oníwà pẹ̀lẹ́ lásán ni. Ó mọ ìbáwí. Ní ọdún 2012 wọ́n na Rayo Vallecano ní góólù 7 sí òdo, ní pápá àwọn onílé náà. Nígbà tí Thiago gbá ọ̀kan wọlé, òun àti Dani Alves bẹ̀rẹ̀ sí jó. Puyol sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, ó dá ijó náà dúró, ó sì lé wọn padà sí ẹnu iṣẹ́. Ẹni tí a ti nà tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a tún máa jó lé e lórí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wa tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Sátidé ì bá jàǹfààní nínú wíwo ìṣẹ́jú kan náà ju wíwo gbogbo góólù méje lọ.

Ara tí kò dá sí ni ó wá dá a dúró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Lisbon, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìpalára orúnkún, ó ṣubú lé ọwọ́ òsì rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀ lọ́nà tí àwọn tí ń wò ó fi yí ojú padà. Orúnkún pẹ̀lú kò jẹ́ kí ó bá Spéìn lọ síbi ife Yúróòpù ti ọdún náà. Iṣẹ́ abẹ lé iṣẹ́ abẹ. Ẹsẹ̀ tí ó ti ń sáré láti òkè Pyrenees kò jẹ́ mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2014 ó pe àwọn oníwèé ìròyìn jọ, ó sì sọ fún wọn pé òun yóò lọ nígbà tí ọdún eré náà bá parí, nítorí pé òun kò lè dé ibi tí ó yẹ kí òun dé mọ́. Ìwé àdéhùn rẹ̀ ṣì ní ọdún méjì níwájú, títí di ọdún 2016. Ìbá jókòó sórí àga kí ó sì máa gba owó rẹ̀ ní oṣoosù, kò sí ẹni tí yóò lè lé e, kò sì sí alátìlẹ́yìn kan tí yóò bú u. Ó yọ̀ǹda rẹ̀. Níhìn-ín ni a tún rí ohun tí a rí ní ọdún 1998, ṣùgbọ́n ní òdì kejì: nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ó lọ, ó dúró nítorí ó mọ̀ pé òun lè wúlò, nígbà tí gbogbo wọn fẹ́ kí ó dúró, ó lọ nítorí ó mọ̀ pé òun kò lè wúlò mọ́.

Ó di igbákejì fún Andoni Zubizarreta, aṣọ́lé àtijọ́ tí ń ṣe àbójútó ọ̀ràn bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò pẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2015 àwọn aláṣẹ yọ Zubizarreta kúrò, ní ọjọ́ kan náà Puyol náà kó ìwé rẹ̀ jáde. Ní ọdún 2019 wọ́n tún ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá gba ipò nínú ẹgbẹ́. Ó ro ọ̀rọ̀ náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì sọ fún wọn pé àkókò náà kò tíì tó.